Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde: ẹ jẹ́ ká kọ áàpù orí kọ̀ǹpútà

Bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ kóòdù ní Ìkòròdú ohun tí wọ́n ń kọ́, láti LASUSTECH dé àwọn ilé ìkọ́ṣẹ́ kéékèèké, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé wẹ́ẹ̀bù ni. Mi ò bá wọn jà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Yábà àti ti òkè òkun wà. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ti gbọ́ JavaScript díẹ̀ yẹ kó kọ́ bí a ṣe ń ṣe áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tí kò ní dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Iṣẹ́ àwọn báńkì dojú rú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà bí ìgbín. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí àfikún owó ìpè àti dátà, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wá wo ẹni tó ń ta oògùn ní Sábó, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ìgbógbò. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ẹ̀rọ bá wọn ka ọjà tó kù, kó ṣírò máàkì, kó sì tẹ rìsíìtì jáde. Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú sáfà tó wà ní Yúróòpù? SQLite ti wà láti ọdún 2000: fáìlì kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà ló ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí, kò nílò sáfà rárá.

Ọ̀nà ọ̀hún kò jìn. VS Code tí a fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù, áàpù orí kọ̀ǹpútà ni. Electron ni wọ́n fi ṣe é, HTML, CSS àti JavaScript tí a mọ̀ náà ló wà níbẹ̀. Àmọ́ Electron wúwo, nítorí ó gbé Chromium odindi pọ̀n. Lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tí èyí bá dà láàmú lè lọ kọ́ C# tàbí Tauri.

Àwọn kan á ní wàhálà rẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ni. Tí o bá tún wẹ́ẹ̀bù ṣe lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ènìyàn ló rí i. Tí áàpù orí kọ̀ǹpútà bá ní àbùkù, o lè gbé fláàṣì láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Tí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ, àkọsílẹ̀ bá a lọ, àfi tí o bá ti ṣètò ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. O sì gbọ́dọ̀ ronú nípa ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí NEPA bá mú iná nígbà tí áàpù ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n wàhálà yìí gan-an ni iṣẹ́ wa. Ẹni tó wà ní San Francisco kò lè wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Ọ̀gọlọ́ntọ́ wá wo ìdí tí rìsíìtì kò fi jáde. Ìwọ lè wá, wọ́n á sì sanwó fún ọ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti jáde, tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fún àwọn àbúrò yín láyè kí wọ́n dán an wò. Ìwọ akẹgbẹ́ mi, ní ìsinmi tó ń bọ̀, wá ọlọ́jà kan, ní kó fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn ọ́, kí o sì kọ áàpù kan ṣoṣo tí yóò bá a ṣe ìṣirò alẹ́. Tí ó bá lè lò ó láìpè ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.