"So" Tí À Ń Fà Bíi Rọ́bà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká yé fa "so" inú Jòhánù 3:16 bíi rọ́bà lórí pẹpẹ. "Sooo!" Ìjọ á pariwo, dùrù á dún, ìwàásù parí nìyẹn! Èmi náà ti ṣe é rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ wo ẹsẹ 14. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà, "houtōs", ló wà níbẹ̀ àti ní ẹsẹ 16, ohun tó sì sábà máa ń túmọ̀ sí ni "báyìí", "lọ́nà yìí". Bíbélì Yorùbá wa pè é ní "gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀" ní ẹsẹ 14, ó wá di "tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́" ní ẹsẹ 16. Mi ò bá àwọn atúmọ̀ jà o. "So" ti Gẹ̀ẹ́sì gba ìtumọ̀ méjèèjì; àwa oníwàásù la ju ọ̀kan nù. Mósè gbé ejò idẹ sókè fún àwọn tí ejò bù ṣán. Báyìí ni Ọlọ́run ṣe fẹ́ aráyé: ó fi Ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ṣe ni ẹsẹ yẹn ń sọ!

Lọ́jọ́ kan tí mo fà á tán, ìyá opó kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Pásítọ̀, báwo ni Ọlọ́run ṣe fẹ́ràn mi?"

"Ó fẹ́ràn yín gan-an ni, Màmá."

"Mi ò béèrè bó ṣe pọ̀ tó."