Ta Ni Ó Bí Ìyá Yín?

Mo ti ṣe ìlérí fún yín pé ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ ni a ó máa bá lọ ní oṣù yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èyí dúró díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìpakodò tí kò jẹ́ kí n lè sùn dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ilé jọ ni mo sì fẹ́ kí ó kọ́kọ́ yé.

Ọmọkùnrin kan ní agboolé tí ó tẹ̀lé tiwa ń fẹ́ ọmọbìnrin kan láti Ẹ̀pẹ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Ọmọ gidi ni ọmọbìnrin náà. Ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Nígbà tí ó di ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ dé ní àsìkò, a ti bu oúnjẹ, a ti pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nígbà tí ìyá arúgbó kan tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún bàbá bàbá ọkọ ìyàwó na ọwọ́ sí ọmọbìnrin náà pé kí ó súnmọ́ òun. Ìyá yìí ti lé ní 90 ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ríran kedere. Ó wo ojú ọmọ náà títí. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́ oríkì bàbá rẹ. Ta ni ó bí ìyá rẹ?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ní ìyá tí ó bí òun ti kú kí òun tó mọ ojú rẹ̀, àwọn ìyàwó bàbá òun ni wọ́n tọ́ òun, àti pé gbogbo ohun tí òun gbọ́ kò ju pé "Ìyàwó Ìpakodò" ni wọ́n máa ń pè é.

Ilé pa rọ́rọ́. Àwọn àgbà ní kí a jẹun ná, kí ọ̀rọ̀ náà di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Èmi ni wọ́n sì ní kí n lọ wo ìwé ìsàmì ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo lè ka ìwé ọwọ́ àwọn ará ìgbà náà.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ikán ti jẹ etí àwọn ìwé kan, òjò sì ti fọ àwọn mìíràn. Ojú ìlà ni wọ́n fa sí ojú ewé: ọjọ́ ìsàmì, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, ìlú, iṣẹ́ bàbá, orúkọ àlùfáà. Ohun kan ṣoṣo tí mo mú lọ́wọ́ ni orúkọ ìsàmì tí a kọ sí inú ìwé orin àtijọ́ kan, èyí tí ìyá ìyàwó ní òun jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá òun. Ní ojú ewé kan láti ìgbà ogun Hitler, mo rí orúkọ náà. Àwọn ọmọbìnrin méjì ni a sàmì fún ní ọjọ́ Ìsinmi kan náà. Bàbá wọn jẹ́ apẹja, orúkọ kan náà ni a kọ fún un ní ìlà méjèèjì. Èyí àgbà ni ìyá tí ó bí bàbá ọkọ ìyàwó wa. Èyí àbúrò ni ó gun ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́, tí kò sì padà mọ́.

Ibi tí ó dùn mí jù ni ojú ìlà orúkọ ìyá. "Sera" ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí ohun mìíràn. Sera wo? Ọmọ ta ni? Mélòó ni Sera tí ó wà ní etí ọ̀sà nígbà náà? Bí kì í bá ṣe ti ìyá arúgbó yẹn, tí ó rántí pé ìyá kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì, a kò bá má mọ̀ bóyá ọmọ ìyá ni wọ́n tàbí ọbàkan.

Ìdána kò wáyé. N kò ní sọ ohun tí ẹkún ọmọbìnrin náà ṣe sí mi. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀bi àwọn ọmọ náà ni, pé wọn kò ṣe ìwádìí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Kí ni wọn ìbá wádìí, nígbà tí ìyá tí ó yẹ kí wọ́n bi kò mọ̀, tí àwọn tí ó mọ̀ kò sì sọ?

Ẹ jẹ́ kí a rántí irú ilẹ̀ tí a wà. Etí ọ̀sà kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń jókòó sí ojú kan. Nígbà tí àwọn Òyìnbó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí, títí ó fi padà sí Èkó ní 1862. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá a lọ kò bá a padà. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ní 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, kí Glover tí ń ṣe àkóso Èkó tó rán ọmọ ogun wá tú wọn ká ní oṣù March. Nínú irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìdílé ṣe ń ya, tí ọmọ ìyá kan ń di ará ibìkan, tí èkejì ń di ará ibòmíràn. Òfin àtikọ orúkọ ẹni tí a bí àti ẹni tí ó kú sílẹ̀ ti wà ní Èkó láti 1863, ṣùgbọ́n kò tíì kan ìhín wa nígbà náà.

Kí ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni ó ṣe. Ilẹ̀ Ireland, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn Fadá tí wọ́n kọ́ àwọn bàbá wa ní ìwé ti wá, pàdánù jù wá lọ. Ní oṣù June 1922, nígbà tí wọ́n ń bá ara wọn jagun, iná jó ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Dublin. Ìwé ìkànìyàn láti 1821 sí 1851 fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná tán. Nínú àwọn ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ṣáájú iná náà, ti 1901 àti 1911 nìkan ni ó pé lọ́wọ́ wọn lónìí. Ẹni tí ó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ kọjá ibẹ̀ yóò lọ sí ìwé owó orí ilẹ̀ tí wọ́n kọ láàrin 1847 sí 1864, orúkọ ẹni tí ó di ilẹ̀ mú nìkan ni yóò sì bá níbẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọkùnrin. Kí wá ni ó gbà wọ́n? Ìwé ìsàmì tí àwọn Fadá tọ́jú sí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, tí kò sí ní Dublin lọ́jọ́ tí iná jó. Nínú ìwé wọ̀nyí, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ìyá ọmọ pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ ò rí i? Orúkọ méjì péré fún ìyá, kì í ṣe "Sera" lásán, òun ni ọmọ-ọmọ wọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà fi ń rí ọ̀nà padà sílé.

Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kò ní èyí pàápàá. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá gba ẹrú lójú òkun, tí ó sì kó wọn lọ sí Freetown, wọ́n ń kọ orúkọ olúkúlùkù, ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀ àti ilà tàbí àpá ara rẹ̀. A ti kó orúkọ wọ̀nyí, pẹ̀lú ti Havana, jọ lónìí. Wọ́n lé ní 90,000. Ṣùgbọ́n kò sí àyè fún orúkọ ìyá. Àjàyí Crowther, tí a kó ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821, wà lára àwọn tí a kó dé ibẹ̀. Ọdún 25 kọjá kí òun àti ìyá rẹ̀ tó rí ara wọn ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ohun tí ó jẹ́ kí a mọ̀ pé Àfàlà ni ìyá náà ń jẹ́, pé Hánà sì ni orúkọ tí ó gbà nígbà ìsàmì rẹ̀ ní 1848, ni pé ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wá tiyín, ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ sí Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà lórí ilẹ̀ Yunifásítì níbẹ̀, tí ìwé àwọn ajíhìnrere CMS sì wà nínú rẹ̀. Ilé ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí Bíbélì, ẹ wo ìwé orin, ẹ wo ẹ̀yìn àwòrán, ẹ wo ojú òkúta ibojì. Ẹ lọ bá ìyá ọkọ yín ní ìrọ̀lẹ́ tí kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ bá a ṣa ẹ̀fọ́ bí ẹ ti ń bi í. Àwa ìyàwó ilé ni a máa ń mọ oríkì agboolé ọkọ wa ju ọmọ onílé lọ, nítorí àwa ni a fi ń jí wọn, àwa ni a fi ń sunkún òkú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bi wá ní tiwa? Ẹ bi í ní oríkì ilé ìyá rẹ̀, èèwọ̀ wọn, àti orúkọ gbogbo àbúrò tí ó lọ sí ilé ọkọ ní òkèèrè. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí orúkọ ìsàmì bá wà, ẹ kọ orúkọ àbísọ tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́ náà wá bá mi. Ojú rẹ̀ ti rù díẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kọ orúkọ ìyá rẹ̀ àti ti ìyá ìyá rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì fẹ́ kí n mú òun lọ bá ìyá arúgbó yẹn kí ó lè bi í bí Sera ṣe ń jẹ́ gan-an. A lọ. Ìyá náà sọ orúkọ náà fún un. Bí a ti ń bọ̀ wálé, ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ìyá ìyá tiyín ńkọ́?" Mo dá a lóhùn. Ó ní, "Èyí tí ó bí òun náà ńkọ́?" N kò rí èsì fọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe àbúrò ìyá mi lórí fóònù.

Ní oṣù tí ń bọ̀, a ó padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò fẹ́ kí a gba ọmú lẹ́nu òun.