Ṣọ́jà tó sọnù sójú ogun: Ta ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́?

Kì í ṣe ìròyìn mọ́ pé ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdọọdún ni Nàìjíríà máa ń rántí àwọn ológun tó ti kú. Ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. (Ọjọ́ yìí kan náà, lọ́dún 1966, ni àwọn ṣọ́jà pa Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, n'Ìbàdàn.) Wọn a gbé òdòdó sílẹ̀, wọn a yìnbọn, wọn a tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà tí wọn kò rí òkú rẹ̀ ńkọ́?

Láyé àtijọ́, bí Yorùbá bá kú sọ́nà jíjìn, wọn a gé irun àti èékánná rẹ̀ wá sílé, wọn a sì sin ín bí ẹni pé odindi òkú ni. Ìyàwó mọ̀ pé òun ti di opó. Ti ẹni tó sọnù sójú ogun lónìí kò rí bẹ́ẹ̀: ìyàwó kò lè ṣọ̀fọ̀, ẹbí kò sì lè pín ogún.

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní a lè ka ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò gbúròó fún ọdún méje sí òkú. Ọdún méje pẹ́ fún ẹni tó ń dá san owó ilé ìwé ọmọ. Nígbà tí àwọn Boko Haram kọlu àgọ́ ológun ní Metele, ìpínlẹ̀ Borno, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ní ṣọ́jà 23 ló kú. Àwọn oníròyìn ní wọ́n tó 100. Àárín òǹkà méjèèjì ni ẹbí tí kò gbúròó ọmọ rẹ̀ há sí.

Ní Taukkyan, nílẹ̀ Burma, orúkọ nǹkan bí 27,000 ṣọ́jà ogun Hitler tí kò ní sàréè wà lára òkúta, tàwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Òyìnbó náà kò ṣe é pé o: lọ́dún 2021 ni ìjọba wọn tọrọ àforíjì pé ó lé ní 100,000 èèyàn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ Áfíríkà, tí wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan.

Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, tó kó ọmọ ogun gba Calabar lọ́dún 1967 àti Port Harcourt lọ́dún 1968, tó sì kú lọ́dún 2014. Àwọn ṣọ́jà kéékèèké tó tẹ̀lé e tí wọn kò padà wálé ńkọ́?

Kò dìgbà tí Abuja bá fọwọ́ sí i. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lè gba orúkọ wọ̀nyí láti agbo ilé dé agbo ilé, lẹ́nu àwọn baálé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè ṣe é, nítorí ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún lọ́dún 1967 ti ń sún mọ́ 80 báyìí.