Ẹ̀rọ Tó Ń Ya Báàgì Dá Pápákọ̀ Òfurufú Dúró!

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ fún Wellington Webb, olórí ìjọba ìlú Denver l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1994. Pápákọ̀ òfurufú tuntun tó yẹ kí wọ́n ti ṣí látoṣù kẹwàá 1993 ṣì wà ní títì. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti máa gbé ẹrù èrò ń ya báàgì, ó ń da aṣọ káàkiri lójú àwọn oníròyìn! Ojoojúmọ́ ni nǹkan bíi $1 mílíọ̀nù ń wọmi.

Ṣé kí wọ́n ṣì máa dúró dè é ni? Owó tó ti bá a lọ kúkú ń dunni o. Nígbà tó doṣù kẹjọ, Webb ní kí wọ́n fi nǹkan bíi $50 mílíọ̀nù ṣe ètò àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí táwọn òṣìṣẹ́ á máa fi ọkọ̀ kékeré wọ́ ẹrù. Ìnáwó lórí ìnáwó, àmọ́ ó sàn ju ilẹ̀kùn títì lọ. Ọjọ́ 28, oṣù kejì, 1995, wọ́n ṣí pápákọ̀. Ẹ̀rọ wàhálà yẹn ńkọ́? United nìkan ló rí díẹ̀ lò nínú ẹ̀. 2005 ni wọ́n pa á tì.