Okùn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Náwó Lé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wá kàwé ní Skọ́tílándì ló ti rí àwọn tó máa ń dúró sínú odò, tí omi á mù wọ́n dé orúnkún, tí wọ́n á máa fi okùn gígùn na afẹ́fẹ́ bí ẹni ń fi pàṣán da màlúù. Ẹja trout ni wọ́n ń wá. Eré náà wù mí, mo sì wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tajà ní, "Ọ̀pá ni kó o náwó lé, ìyókù kò tó nǹkan." Mo gbà á gbọ́. Owó iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ oṣù méjì bá ọ̀pá àti ríìlì tó ń dán lọ. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni mo fi ra okùn. Títí òtútù fi dé, iwájú ẹsẹ̀ mi ni okùn náà ń wọ́ jọ sí.

Ìmọ̀ràn yẹn ni mo wá bá jà lónìí. Irọ́ ni, ó sì ń lé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó kúrò nídìí eré tí kò yẹ kó wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Bí ọmọdé bá ju ìwọ̀ sódò nílé, òjé tó so mọ́ okùn ló ń gbé ìwọ̀ lọ, okùn kàn ń tẹ̀ lé e ni. Tibí yàtọ̀. Eṣinṣin àtọwọ́dá tí a fi ń tan ẹja kò ju ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú tí wọ́n wé mọ́ ìwọ̀ kékeré lọ. Kò wúwo rárá. Okùn fúnra rẹ̀, tó nípọn, tí wọ́n fi ike bò, ni òjé ibẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ló ń tẹ ọ̀pá. Bí ọ̀pá bá nà padà, okùn á fò, á sì fa eṣinṣin lọ.

Ìdí nìyẹn tí okùn fi ní nọ́ńbà. Ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n: nọ́ńbà 5 tó nǹkan bíi gíráàmù 9, nọ́ńbà 8 sì sún mọ́ gíráàmù 14. Wọ́n ń kọ nọ́ńbà sára ọ̀pá náà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Okùn 4 ni èmi gbé lé ọ̀pá 7, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi. Ẹ tún ṣọ́ra: àwọn okùn kan wúwo ju nọ́ńbà tó wà lára páálí wọn lọ.

Ríìlì ńkọ́? Fún trout inú odò kékeré, ilé okùn lásán ni. Ọwọ́ la sábà fi ń fa okùn wọlé. Bó bá jẹ́ sámọ́nì lẹ ń lé, ìjánu ríìlì di ọ̀ràn ńlá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò tíì débẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀pá á báni pẹ́, okùn á gbó. Òótọ́ ni. Bàtà náà ń gbó, síbẹ̀ ta ló ń ra fìlà olówó ńlá tó wá ń sáré ìje láìwọ bàtà? Ọ̀pá carbon fibre tí kò wọ́n lóde òní tó kọ́ èèyàn.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹja àti omi tí ẹ ń lọ. Fún trout, ẹ ra ojúlówó okùn nọ́ńbà 5 tó ń léfòó, irú èyí tí iwájú rẹ̀ wúwo ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ wá ọ̀pá nọ́ńbà 5, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 9, ìbáà jẹ́ àlòkù. Ríìlì tó bá ti gba okùn náà ti tó. Owó tó kù, ẹ fi gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ olómi, kí ẹ sì fi san wákàtí kan fún ẹni tó máa kọ́ yín ní jíjù.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní ọ̀pá ló ṣe pàtàkì jù, ẹ bi í léèrè: kí ló ń gbé eṣinṣin lọ?