Dìgírì Kùtọnú: Ta Ni Yóò Ya Olóòótọ́ Sọ́tọ̀?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kàwé nípa àjọṣe orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí International Relations. Láti ọdún 1977 ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ti wà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Ní LASU l'Ékòó, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ilé gbígbé àti àwọn owó wẹ́wẹ́ mìíràn ló kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wẹ́wẹ́ náà kò kéré mọ́. Láti ọdún 2024, NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lówó tí kò ní èlé. Tó bá jẹ́ owó nìkan ni, kí ni ẹnikẹ́ni ń wá kọjá bodè Sẹ̀mẹ̀?

Kì í ṣe owó nìkan. JAMB wà níbẹ̀, ìyanṣẹ́lódì náà sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọ fi jókòó sílé. Òbí tó rí ìyẹn, tí ẹnìkan wá sọ fún un pé Kùtọnú kò béèrè JAMB, pé ọdún mẹ́ta lọmọ yóò fi parí, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní ìparí ọdún 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian tú àṣírí bí akọ̀ròyìn rẹ̀ kan ṣe gba dìgírì ní Kùtọnú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n sì tún gbà á sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba dáwọ́ dúró lórí ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, sọ pé ó lé ní 22,000 ọmọ Nàìjíríà tó gba ayédèrú ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, àti pé yunifásítì mẹ́jọ péré ni ìjọba mọ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Ó dára kí wọ́n mú ọ̀bàyéjẹ́. Àmọ́ ẹni tó jókòó sí kíláàsì fún ọdún mẹ́ta, tó sì ṣe ìdánwò, kò yẹ kó jìyà pẹ̀lú ẹni tó ra tirẹ̀. Ìwé ìrìnnà ń sọ ọjọ́ tí ènìyàn wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ lọ Kùtọnú lọ kọ́ nípa ayé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn, wọn kò sì gbọ́ Faransé bọ̀. Bẹ́ẹ̀ Abúlé Èdè Faransé wà ní Badagry níhìn-ín.

Àwọn tó ń wo Jámánì ńkọ́? Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́, àyàfi bíi ti ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg tó ń gba 1,500 yúrò ní sáà kan lọ́wọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní físà, owó tó tó 11,904 yúrò ni wọ́n sábà máa ń béèrè pé kó wà ní báńkì fún oúnjẹ àti ilé ọdún kan.

Kí ìjọba lẹ orúkọ yunifásítì mẹ́jọ yẹn mọ́ ògiri gbogbo ọ́fíìsì JAMB, kí wọ́n sì lẹ òmíràn sí bodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí àwọn tó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kiri yóò ti rí i.