Itọ́ Ni Oníṣègùn, Ìránṣẹ́ Ni Ṣingọ́ọ̀mù

Ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í fẹ́ rí ọmọ tí ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù bí ewúrẹ́ tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Wọ́n ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, wọ́n sì ní ó ń ba eyín jẹ́. Ẹ̀sùn ti ìṣáájú, ẹjọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n ti ìkejì, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni.

Itọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: itọ́, omi àìpọn tí kì í tán nínú ìkòkò, ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ eyín láìgba owó oṣù. Nígbà tí ènìyàn bá jẹ ohun dídùn, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ara eyín a bá a pín nínú rẹ̀, wọn a sì sọ ṣúgà di omi kíkan. Bí òṣùwọ̀n pH ẹnu, tí ń wálẹ̀ bí ẹnu bá ṣe ń kan sí i, bá sì wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 5.5, ara eyín, bí ó ti wù kí ó le tó, a bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Itọ́ ni ó ń pa oró omi kíkan náà, òun kan náà ni ó gbé kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífeètì lọ́wọ́, tí ó fi ń tún ibi tí ó yọ́ ṣe kí ó tó di ihò.

Bí àgbọ̀n bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí ṣingọ́ọ̀mù, tí adùn sì ta ahọ́n lólobó, itọ́ a ya wá, débi pé ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ń sun nígbà tí ẹnu dákẹ́. Adùn a tán, èyí tí ó kù a rí bákan bákan bí ìda, síbẹ̀ itọ́ kò ní wálẹ̀ tán níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń jẹ ẹ́. Èyí tí jíjẹ fà jáde yìí sì lágbára láti pa oró omi kíkan ju èyí tí ń sun fúnra rẹ̀ lọ. (Orín tí àwọn àgbà ń jẹ láàárọ̀ náà ń pe itọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn wí.)

Ṣùgbọ́n adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ìkorò ní í gbẹ̀yìn ṣingọ́ọ̀mù oníṣúgà, nítorí ọwọ́ tí ó fi ń pe itọ́ náà ni ó fi ń bọ́ kòkòrò. Ní ìlú Turku, ní orílẹ̀-èdè Finland, láàárín ọdún 1972 sí 1975, Arje Scheinin àti Kauko Mäkinen pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí kan nínú èyí tí àwọn kan jẹ oníṣúgà, tí àwọn mìíràn sì jẹ èyí tí a fi xylitol dùn, adùn kan tí a ń fà yọ lára igi. Nígbà tí ọdún kan pé, ihò eyín àwọn ti xylitol kéré jọjọ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, nítorí kòkòrò tí ń ba eyín jẹ́ kò lè sọ xylitol di omi kíkan.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣingọ́ọ̀mù aláìníṣúgà, tí a jẹ fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀rẹ́ eyín ni, pàápàá fún ẹni tí oògùn tí ó ń lò ń mú ẹnu rẹ̀ gbẹ. Kò lè rọ́pò búrọ́ọ̀ṣì, nítorí kò lè ha ẹ̀gbin tí ó ti lẹ̀ mọ́ ìdí eyín. Àjẹjù rẹ̀ a máa ṣí inú, ẹni tí oríkèé àgbọ̀n bá sì ń dùn, kí ó jìnnà sí i. Ẹni tí ó ní ajá, kí ó tọ́jú ti xylitol dáadáa, nítorí májèlé ni fún ajá. Èyí tí ó pọ̀ lórí àtẹ, tí owó ọmọdé sì ká, oníṣúgà ni. Ara ìwé tí a fi wé e ni kí òbí kà kí ó tó rà á.